Ọmọ Yín Ń Jẹ Káńfọ̀

Ìtàn kan wà tó ti rìn ká ayé. Tálákà kan dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé olóúnjẹ, ó ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ, òórùn ẹran tí wọ́n ń sun nínú ilé ló sì fi ṣe ọbẹ̀. Olóúnjẹ yarí, ó ní àfi kó sanwó òórùn. Wọ́n gbé ẹjọ́ dé iwájú adájọ́. Adájọ́ ní kí tálákà mú owó ẹyọ kan wá, ó fi í lu tábìlì kó dún, ó ní ìró owó ti san gbèsè òórùn. Àwọn Lárúbáwá àti àwọn ará Tọ́kì a máa sọ ìtàn yìí. François Rabelais, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Faransé, fi í sínú ìwé rẹ̀ kan tó jáde ní 1546, ó ní ìlú Paris ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rẹ́rìn-ín, á ní adájọ́ náà mà gbọ́n o.

Èmi ò rò pé ó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Bí owó bá dún títí di alẹ́, kò sí ohun tó dín lára owó. Òórùn ò rí bẹ́ẹ̀. Kí imú tó lè mọ̀ pé ẹran ń sun, ohun kan ní láti kúrò lára ẹran náà gan-an, kó bá afẹ́fẹ́ rìn, kó wọ inú imú, kó sì lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Tí a bá fẹ́ sọ òótọ́, tálákà yẹn mú nǹkan díẹ̀ nínú ẹran olóúnjẹ. Ó kéré débi pé kò sí òṣùwọ̀n ọjà tó lè wọ̀n ọ́n, afẹ́fẹ́ ì bá sì ti gbé e lọ náà ni bí kò bá sẹ́ni tó dúró síbẹ̀, nítorí náà kò jẹ gbèsè kankan. Ṣùgbọ́n pé kò jẹ gbèsè kò sọ pé kò gba nǹkan kan.

Ó lè dà bíi pé mo ń wá ẹ̀sùn sí adájọ́ inú ìtàn lẹ́sẹ̀. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní ẹ̀ka àwọn ọmọ ìkókó ní ọsibítù kan n'Ìbàdàn, mo sì ti rí ohun tí ìdájọ́ yẹn ń ṣe nígbà tó bá kúrò nínú ìtàn tó wọ ilé àwọn èèyàn. Ti ẹran sísun kọ́ ló kàn mí. Ti káńfọ̀ ni.

Gbogbo wa la mọ káńfọ̀. Ẹyọ funfun roboto, tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá ní gbogbo ọjà, tí a ń jù sáàárín aṣọ kí aáyán àti kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Àwọn kan ń fi í sí ilé ìyàgbẹ́, àwọn kan ń fi í sínú báàgì, àwọn kan ń dà á yí ilé ká nítorí ejò. (Ká sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, káńfọ̀ gidi ń wá láti ara igi kan tó ń hù ní apá Ṣáínà àti Japan. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà wa, náftálínì ni, tí wọ́n ń rí láti ara ọ̀dà èédú tàbí epo rọ̀bì.) Ẹ fi ẹyọ mẹ́rin sínú àpótí aṣọ, kí ẹ ti àpótí pa. Nígbà tí ẹ bá fi máa ṣí i lẹ́yìn ọdún kan, káńfọ̀ ti kéré, tàbí kó má sí níbẹ̀ mọ́ rárá. Kò yọ́ bíi yìnyín, nítorí aṣọ ò tutù. Eku ò gbé e. Láti ara òkúta líle ló ti bọ́ sí afẹ́fẹ́ tààrà, láìkọ́kọ́ di omi. Apá kan wọ inú aṣọ, apá kan jáde sínú yàrá, àwọn tó ń sùn nínú yàrá náà sì fa èyí tó kù símú lálaalẹ́.

Gbogbo èyí kò ju ọ̀rọ̀ kẹ́mísírì lọ, títí ọmọ tuntun fi wọ inú ilé.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ìyá á gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún dé. Ojú ọmọ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ pàápàá ti ń yí àwọ̀ padà, ọmọ ò fẹ́ mu ọyàn mọ́. A ó bi ìyá ní ìbéèrè tí a máa ń bi gbogbo wọn: kí lẹ fún un mu, kí lẹ fi pa á lára, kí lẹ fi sáàárín aṣọ ẹ̀?

“Kò sí nǹkan kan, mà. Káńfọ̀ tí a fi sẹ́rù ẹ̀ nìkan ni.”

“Ṣé ọmọ fẹnu kàn án?”

“Háà, rárá o, Àǹtí nọ́ọ̀sì! Ibo ló ti máa rí i? Òórùn ẹ̀ lásán ni.”

Òórùn lásán. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ọlọ́jà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kàwé gboyè ju èmi lọ. Ohun tí gbogbo wọ́n gbà ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni nǹkan ń gbà wọ ara èèyàn, ẹnu ni. Ohun tí a ò bá jẹ, tí a ò sì mu, kò tíì wọlé.

Lókè nínú imú, nísàlẹ̀ ọpọlọ, ibi kékeré kan wà tó máa ń rin fún ikun ní gbogbo ìgbà. Ibẹ̀ ni èérún tó ń bá òórùn rìn máa ń lẹ̀ sí. Linda Buck àti Richard Axel tẹ iṣẹ́ jáde ní 1991 lórí bí imú ṣe ń dá òórùn kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì níbẹ̀, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2004. Àwa èèyàn ní nǹkan bí oríṣi 400 ohun tó ń gba òórùn mú. Iṣẹ́ àgbàyanu ni, àmọ́ ohun tó ń dúró níbẹ̀ kò tó nǹkan. Èyí tó pọ̀ jù nínú èémí wa kì í tilẹ̀ yà síbẹ̀. Ó ń kọjá sísàlẹ̀, sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí a bá lè tẹ́ gbogbo ojú ẹ̀dọ̀fóró àgbàlagbà sílẹ̀ bí ẹní, yóò fẹ̀ tó nǹkan bí 70 mítà onígun mẹ́rin. Awọ tín-ín-rín ló wà láàárín rẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀. Ohun tó bá dé ibẹ̀ kò ní kó dúró de inú kí inú tó dà á. Ó ti bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ná. Ẹni tó bá ti wọ tíátà iṣẹ́ abẹ rí kò ní jiyàn èyí. Ní October 1846, ní ìlú Boston, William Morton gbé ether sí imú ọkùnrin kan, ọkùnrin náà fà á, ó sùn lọ, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ sí i lọ́rùn. Kò jẹ ether náà. Ó mí i sínú ni.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ bá ń gbóòórùn káńfọ̀, ohun méjì ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Imú rẹ̀ gba díẹ̀, ìyẹn ni òórùn. Ẹ̀dọ̀fóró gba èyí tó kù, ìyẹn ni a sì ń bá fà á. Ọmọ tuntun ń mí tó ìgbà 40 sí 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, nígbà tí àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ kì í sábà kọjá 20. Yàrá kan náà ni ìyá àti ọmọ wà, káńfọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n bí a bá wo bí ara wọn ṣe tóbi tó, ti ọmọ pọ̀ ju ti ìyá lọ fíìfíì. Tí aṣọ náà bá tún wà lára rẹ̀, tí wọ́n ti fi òróró pa á lára tẹ́lẹ̀, awọ ara náà á máa gbà á.

Ní 1963, àwọn dókítà kan ní ilẹ̀ Gíríìsì kọ̀wé nípa ọmọ ìkókó 21 tí náftálínì ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́. Ohun tó dá ìwé náà yàtọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, aṣọ tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì tó ní káńfọ̀ kò kan ara wọn rí. Inú yàrá tàbí ìtòsí ibi tí wọ́n ń sùn ni nǹkan náà wà. Òórùn lásán, bí ìyá ọmọ ì bá ti wí.

Kí ló dé tí kì í fi í ṣe gbogbo ọmọ? Ohun kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì nígbà tí májèlé bá dé. Náftálínì fúnra rẹ̀ kọ́ ló le jù; nígbà tó bá dé inú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á yí i padà sí ohun mìíràn, èyí gan-an ló ń kọlu sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí G6PD rẹ̀ pé lè fara dà á dé ìwọ̀n kan. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó, sẹ́ẹ̀lì pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yángá. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀, ní ilẹ̀ Yorùbá ó sì tó nǹkan bí ọmọkùnrin kan nínú márùn-ún. Kì í ṣe ègún. Ibà ló fà á. Lucio Luzzatto, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn fún ọdún púpọ̀, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1969, nínú ìwé ìròyìn Science, pé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọbìnrin tó ní oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjèèjì, kòkòrò ibà ń fẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì tí G6PD rẹ̀ pé ju èyí tí kò tó lọ. Ohun tó gba àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ ibà ni káńfọ̀ wá ń rí ojú ihò wọlé lára rẹ̀.

Káńfọ̀ nìkan kọ́. Dókítà Olowe àti Dókítà Olikoye Ransome-Kuti, tó padà di Mínísítà Ètò Ìlera, tẹ ìwádìí kan jáde ní 1980 lórí ewu ibà pọ́njú fún àwọn ọmọ tí G6PD wọn kò tó, tí wọ́n lo ohun tó ní mẹ́ńtọ́ọ̀lù fún. Mẹ́ńtọ́ọ̀lù ni òórùn títutù tó wà nínú àwọn àtíkè kan àti nínú ohun ìpara tí a máa ń fi ra àyà ọmọ tó ní ọ̀fìnkìn. Ọdún yẹn ti jìnnà sí wa, síbẹ̀ mo ṣì ń bá a nínú ẹrù ọmọ tí àwọn aboyún ń kó wá, àwọn tó ń tà á á sì ní ti ọmọdé gan-an ni.

Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì pupa bá fọ́, ohun pípọ́n tó ń jáde lára wọn á pọ̀ ju agbára ẹ̀dọ̀ ọmọ ọjọ́ mẹ́rin lọ. Òun ló ń pọ́n ojú. Bí ó bá mọ níbẹ̀, a ó gbé ọmọ sábẹ́ iná búlúù, a ó bo ojú rẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan a ó dá a padà fún ìyá. Bí ó bá ti pọ̀ jù, àfi ká pàrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ká máa fa díẹ̀ jáde, ká máa fi díẹ̀ sí i, iṣẹ́ tó ń gba wákàtí, tí ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ gbọ̀n nídìí rẹ̀. Bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó gbé e wá, ohun pípọ́n yẹn á wọ inú ọpọlọ. Ọmọ tó bá yè é lè má gbọ́rọ̀ mọ́ láéláé, tàbí kí ọrùn rẹ̀ má dúró, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ máa lọ́. Mo mọ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti dàgbà báyìí. Àwọn ìyá wọn ṣì ń gbé wọn pọ̀n.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ ọ́ tààrà ní kílíníkì àwọn aboyún: bí káńfọ̀ bá wà nínú ẹrù ọmọ, ọmọ yín ń jẹ káńfọ̀. Àwọn kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò fẹ́ràn gbólóhùn yìí. Wọ́n ní kò péye, pé jíjẹ yàtọ̀ sí mímí, pé kí n sọ pé “ẹ má jẹ́ kí ọmọ gbóòórùn káńfọ̀.” Mo gbà pé jíjẹ yàtọ̀ sí mímí. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ìyá pé kí ọmọ má gbóòórùn, á gbé káńfọ̀ sábẹ́ ọ̀pọ̀ aṣọ kí òórùn má baà ta, á sì rò pé òun ti ṣe é. Ẹ sọ fún un pé ọmọ ń jẹ ẹ́, á yọ ọ́ dànù. Èyí tó bá gbé káńfọ̀ jáde nínú ilé ni mo mú, kí àwọn olùkọ́ kẹ́mísírì jọ̀wọ́ mi.

Mo ní láti fa ara mi sẹ́yìn díẹ̀ níbi yìí, nítorí àwọn tó bá gbọ́ èyí tán a máa lọ sí ìpẹ̀kun kejì. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù gbogbo òórùn. Ìyá kan tí ara ọmọ rẹ̀ kò gba ẹ̀pà bi mí bóyá kó kó ọmọ kúrò ní àdúgbò nítorí ẹlẹ́pà sísun tó wà ní ìkóríta. Ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ti òmùgọ̀. Àmọ́ ohun tó ń bá ọmọ yẹn jà nínú ẹ̀pà ni púrótéènì, púrótéènì kì í sì í fò lọ bí òórùn ṣe ń fò. Àwọn ohun tín-ín-tìn-tín mìíràn ló ń gbé òórùn ẹ̀pà sísun rìn. Ní 2003, àwọn dókítà kan ní New York gbé bọ́tà ẹ̀pà sítòsí imú ọmọ 30 tí ara wọn kò gba ẹ̀pà rárá, fún ìṣẹ́jú 10. Kò sí ọ̀kan tí èémí rẹ̀ dí. Fún ẹ̀pà, ní irú ipò yẹn, òórùn lásán ni lóòótọ́. Ẹ má fi ìyẹn wọ̀n ẹja o. Ẹja tàbí edé tó ń hó lórí iná ń tú ìrì kéékèèké sínú ooru rẹ̀, púrótéènì a sì máa wà nínú ìrì náà, ó lè dá èèyàn tí ara rẹ̀ kò gba ẹja wó láìtíì tọ́ ọ wò. Òórùn ẹ̀pà àti òórùn ẹja, imú kan náà ló ń gbà wọ́n; ohun tó bá wọn wọlé ló yàtọ̀.

Àwa tí wọ́n bí sínú ilé tí wọ́n ti ń dín ata tilẹ̀ mọ èyí láìkàwé. Ìyá dà ata sínú epo gbígbóná, gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í hukọ́, ẹni tó wà ní pálọ̀ ń sín, ẹni tó wà níta ń bú. A ní òórùn ata ni. Ohun tó ń ta nínú ata kò ní òórùn rárá. Ata wíwẹ́ ló bá ìrì epo fò, tó lọ ba ọ̀fun, tó ń jó níbẹ̀ bó ṣe ń jó lórí ahọ́n. Gbogbo ilé ti tọ́ ọbẹ̀ wò kí ó tó jinná.

Nínú oṣù Ràmàdáànì, ọ̀rọ̀ yìí a máa di ti ẹ̀sìn. Àwọn obìnrin tó ń se oúnjẹ ìṣínu a máa bi mí, bíi pé nọ́ọ̀sì ni àfáà: “Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Àlàájà, òórùn ọbẹ̀ yìí ti wọ mí nínú látàárọ̀, ṣé ààwẹ̀ mi ṣì wà?” Mo máa ń darí wọn sọ́dọ̀ àwọn tó ni ìmọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí kọ́ lọ́dọ̀ wọn yà mí lẹ́nu. Ìlànà Màlíkì ni ọ̀pọ̀ àfáà ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé, ìwé tí Khalil ibn Ishaq ará Íjíbítì kọ ní ọ̀rúndún 14 sì wà lára ohun tí àwọn ọmọ kéwú àgbà ń kọ́. Àwọn onímọ̀ Màlíkì kò ka òórùn lọ́fínńdà sí ohun tó ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fa èéfín tùràrí, tàbí ooru ìkòkò oúnjẹ, títí ó fi dé ọ̀fun, ó ní ọjọ́ tí yóò san padà. Eruku ojú ọ̀nà àti eruku ìyẹ̀fun tó ń wọ ẹni tó ń lọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n ṣàánú fún un, nítorí kò sí bó ṣe fẹ́ yẹra fún un. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pín in: òórùn lọ́tọ̀, èéfín lọ́tọ̀, ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ fà lọ́tọ̀, ohun tó gbà wá lójijì lọ́tọ̀. Ó ju ọdún 600 lọ tí wọ́n ti ń béèrè ohun tó gba imú kọjá àti ibi tó dé. Ibì kan ṣoṣo tí iṣẹ́ wọn àti tèmi ti yapa ni pé àwọn ní láti béèrè èrò ọkàn. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ kì í béèrè bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀.

Èyí tó burú jù nínú fífi òórùn ṣe òṣùwọ̀n ni pé àwọn kan nínú ohun tó ń pa èèyàn kíákíá kò ní òórùn, tàbí kí wọ́n pa imú fúnra rẹ̀ kọ́kọ́. Lọ́dọọdún ni a ń gbọ́ nípa ìdílé tó sùn tí kò jí, nítorí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí kọ́rídọ̀ tàbí sítòsí fèrèsé. Carbon monoxide inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Àwọn tó kú kò gbóòórùn ohun tó pa wọ́n. Gáàsì ìdáná náà kò ní òórùn tó tó nǹkan láti ilé iṣẹ́. Òórùn burúkú tí a mọ̀ mọ́ ọn, wọ́n fi sí i ni, kí a lè mọ̀ bó bá ń jò. Ní ti ṣáláńgá àti sókàwéè, gáàsì kan wà níbẹ̀ tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n tó bá ti pọ̀, imú á kú, ẹni tó wọlé á rò pé òórùn ti lọ, á tún wọlé sí i. Bí ẹni kan ṣe ń ṣubú ni ẹni kejì ń sọ̀ kalẹ̀ láti gbà á. Lásìkò Kòrónà, ọ̀pọ̀ àwọn aláìsàn kò gbóòórùn mọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹlòmíràn fún oṣù. Wọ́n ṣì ń fa gbogbo ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ símú bí ti tẹ́lẹ̀.

Èéfín igi ìdáná sì wà láàárín, a gbóòórùn rẹ̀, ó sì ti mọ́ wa lára débi pé a kì í kà á. Ní Ìbàdàn níbí, wọ́n ṣe ìwádìí lórí àwọn aboyún 324 tí wọ́n ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n fún àwọn kan ní sítóòfù tó ń lo ẹ̀tánọ́ọ̀lù, àwọn yòókù ń bá tiwọn lọ. Nígbà tí wọ́n tẹ èsì jáde ní 2017, ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn tó gba sítóòfù tuntun kò ga tó ti àwọn yòókù. Èéfín tí wọ́n rò pé ojú nìkan ló ń ta ti wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn. Sìgá ò tún nílò àlàyé púpọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní èéfín sìgá ẹlòmíràn ń pa èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan lọ́dún. Àwọn àgbà tó ń fín aṣáà ní tiwọn kò tan ara wọn jẹ rí. Wọ́n mọ̀ pé imú ni àwọn fi ń mu tábà.

Gbogbo rẹ̀ ń padà sí ohun mẹ́ta tí mo máa ń béèrè, yálà nǹkan ń rùn tàbí kò rùn: kí ni, báwo ló ṣe pọ̀ tó, àti ta ló ń fà á. Àgbàlagbà tó bá ṣí àpótí ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí òórùn káńfọ̀ kọ lù ú, kò jẹ nǹkan tó tó sọ. Ọmọ ọjọ́ mẹ́rin tó ń sùn nínú rẹ̀ tọ̀sán tòru jẹ ẹ́.

Ibi tó le jù fún wa ni ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ọjọ́ kẹjọ, ọmọ ṣì wà lásìkò tí ibà pọ́njú lè mú un. Ìyá ìyá ọmọ ti gbé aṣọ òkè tó ti wà nínú àpótí láti ìgbà ìgbéyàwó rẹ̀ jáde, ìyá bàbá ọmọ náà kò gbẹ́yìn, káńfọ̀ ń ta lára gbogbo àgbàlagbà tó wà lórí ìjókòó, ọmọ sì ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n tẹ imú rẹ̀ mọ́ èjìká, wọ́n ń súre fún un. Ta ló fẹ́ sọ fún ìyá àgbà pé kó bọ́ aṣọ rẹ̀? Ohun tí mo máa ń bẹ̀ wọ́n fún ni pé kí wọ́n yọ aṣọ jáde kí oyún tó pé oṣù, kí wọ́n sá a síta, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i fún ọjọ́ mélòó kan, kí òórùn náà kúrò pátápátá, nítorí fífọ̀ nìkan kò tó. Aṣọ tí yóò kan ara ọmọ, kí káńfọ̀ má kàn án rí. Kí wọ́n kó o sínú ohun tó ní ìdérí, kí wọ́n máa sá a sóòrùn.

Ìyá àgbà kan gbọ́ mi títí mo fi parí, ó wá ní, “Nọ́ọ̀sì, ọmọ márùn-ún ni mo fi káńfọ̀ tọ́, kò ṣe ìkankan nínú wọn ní nǹkan.” Mo gbà á gbọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í ṣe, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi pẹ́ nílẹ̀ wa. Mo sọ fún un pé èyí tí kò gbà á lè wà nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó bi mí pé èwo nínú wọn. Àyẹ̀wò wà tó lè sọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọsibítù wa kì í ṣe é fún ọmọ tuntun, kò sì sí ẹni tó lè wo ojú ọmọ kó mọ̀. Mo ní kó yọ káńfọ̀ kúrò nínú ẹrù gbogbo wọn.